Bí Ekòló Inú Ìkòkò Ṣe Lè La Ẹ̀ẹ̀rùn Já ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ekòló tó wà nínú ìkòkò lórí kankéré iwájú ilé ńkọ́? Ilẹ̀ wo ni yóò júbà? Ohun tó fà á nìyẹn tí àwa tí à ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti òdòdó sínú ìkòkò ní Ifẹ̀ fi máa ń rí ekòló rẹpẹtẹ nínú erùpẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, tó bá sì fi máa di oṣù kejì ọdún, a ò ní rí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa á. Ekòló kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù kí afẹ́fẹ́ tó lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí awọ bá gbẹ, èémí tán nìyẹn. Nínú oko, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Àwọn ẹ̀yà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á ká ara wọn jọ sínú ihò kékeré, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní rìn, títí òjò á fi dé. Ìkòkò tí kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ kò fún un láyè irú ìyẹn.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí ni pé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni ooru ti ń wọlé jù, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ lè bo orí, kí ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀, síbẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán bá ń na ẹ̀gbẹ́ ìkòkò oníke dúdú, erùpẹ̀ inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 40°C lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ìta ò ju 33 tàbí 34 lọ. Ekòló kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eudrilus eugeniae. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ni orírun rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ń sìn ín káàkiri ayé báyìí. Òun gan-an, ọmọ ilẹ̀ gbígbóná, erùpẹ̀ tó wà láàárín 24 sí 29°C ló gbádùn jù. Bó bá ti ń lọ sí 35, ọ̀nà àtisá ló ń wá. Bí kò bá rí ibi sá sí, ó kú.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ò ju pé kí á wá ibi ìsásí fún un lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ibi tí ìkòkò wà

Ẹ má tíì fọwọ́ kan omi. Ibi tí ìkòkò wà lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, oòrùn ọ̀sán kì í gba àárín orí wa gan-an ní Ifẹ̀, apá gúúsù ló máa ń tẹ̀ sí. Ògiri tó kọjú sí àríwá á wá ní òjìji lọ́sàn-án gangan, èyí tó kọjú sí gúúsù á máa jẹ oòrùn. Tó bá di àárín ọdún, tí òjò ń rọ̀, ó yí padà. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ata yín ti gbádùn lóṣù kẹfà fi lè di ibi tí ekòló ti ń kú lóṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbé ìkòkò kúrò lójú kan. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí àríwá wà, ẹ dúró ní òwúrọ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún yín kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Iwájú yín ni àríwá.

Ẹ̀fọ́ àti òdòdó olójìji, ẹ kó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá. Ata àti tòmátì kò lè ṣe láìrí oòrùn, ẹ gbé wọn sí apá ìlà oòrùn kí wọ́n jẹ oòrùn òwúrọ̀ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí ilé máa bò wọ́n lẹ́yìn náà. Èyí tó burú jù ni apá ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn aago mẹ́ta á lu ìkòkò, á lu ògiri pẹ̀lú, ògiri náà á sì máa tu ooru jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ẹ bá ní ilẹ̀ lásán lábẹ́ igi máńgòrò, àgbálùmọ̀ tàbí láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò síbi tó dára tó ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, kí ìdajì ìkòkò wọlé sínú rẹ̀, kí ihò ìdí ìkòkò sì kan erùpẹ̀. Bí ọ̀sán bá mú, ekòló á gba ihò yẹn sọ̀kalẹ̀, bó bá di alẹ́ á gòkè wá jẹun. Èyí tó bá lọ tí kò padà, ẹ má ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, òmíràn á gba ibẹ̀ wọlé.

Ilé àjà ní Parakin tàbí Lágere ńkọ́, tó jẹ́ pé kankéré àti interlock ló kún gbogbo àgbàlá? Ẹ fi pákó méjì tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù gbé ìkòkò sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, torí kankéré máa ń di ooru ọ̀sán mú di òru. Ẹ kó àwọn ìkòkò jọ kí wọ́n fara kan ara wọn, kí àwọn kékeré wà láàárín, kí àwọn ńlá máa bo wọn. Ẹ wá ta àpò kòkó sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń bọ̀. Àpò kòkó ò wọ́n nílùú wa, èyí tó ti ya náà á ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú ìkòkò tí ẹ ń lò

Bí ìkòkò bá ṣe tóbi tó ni àárín rẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ kó tó gbóná tó. Àárín yẹn ni ibi ìsásí ekòló. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 ni mo máa ń kà sí èyí tó kéré jù, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a gé orí rẹ̀ náà dára. Agolo mílíìkì àti ike kéékèèké, ẹ gbin nǹkan sí wọn bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ekòló síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkà ni.

Bó bá jẹ́ oníke dúdú lẹ ní, ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún lẹ́yìn tàbí kí ẹ fi àpò kòkó wé e yíká. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìdí rẹ̀ tó. Bó bá jẹ́ orí kankéré ló máa wà, ẹ tẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn sórí àwọn ihò náà kí ekòló má baà já bọ́ sórí kankéré gbígbóná. Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ lásán, ẹ yọ àwọ̀n náà kúrò.

Ìkòkò amọ̀ wá lọ̀tọ̀. Ìpetumodù tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn ò jìnnà sí wa, àwọn ìyá amọ̀kòkò sì ti ń mọ ọ́n níbẹ̀ láti ìrandíran. Gbogbo ẹni tó bá ti mu omi ámù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí amọ̀ lè ṣe. Omi máa ń là á kọjá díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ lọ, ooru á sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé amọ̀ ló dára nígbà gbogbo. Nígbà ọyẹ́, lóṣù kejìlá àti oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ìkòkò amọ̀ lè fi omi rẹ̀ ṣòfò kí ilẹ̀ tó ṣú, gbígbẹ ni yóò wá pa ekòló dípò ooru. Ní tèmi o, lásìkò ọyẹ́, ìkòkò oníke tó wà ní òjìji sàn ju amọ̀ lọ. Ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ tán, tí ooru oṣù kejì àti ìkẹta wá dé gan-an, amọ̀ ló lọ̀gá.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní méjèèjì, kó gbé ìkòkò oníke sínú ìkòkò amọ̀ tó jù ú lọ, kó sì da yanrìn sí àlàfo àárín wọn. Omi á máa wà nínú yanrìn náà. Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Jigawa, lo irú ìkòkò-nínú-ìkòkò yìí láti fi tọ́jú tòmátì àti ẹ̀fọ́ kí wọ́n má baà tètè bàjẹ́ níbi tí kò sí iná mànàmáná, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé e lórí lọ́dún 2000. Ohun tó lè tọ́jú tòmátì tí a ti já á lè dá ẹ̀mí ekòló sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: erùpẹ̀

Èyí ò gùn. Ẹ po ìwọ̀n ilẹ̀dú méjì mọ́ ìwọ̀n ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ tàbí ìdọ̀tí àkìtàn tó ti jẹrà kan, kí ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan tàbí méjì sí i. Ekòló kò ní eyín, yanrìn yẹn ló fi ń lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, rárá o. Bó bá ń jẹrà lọ́wọ́, ooru tirẹ̀ nìkan tó láti lé ekòló jáde, òórùn rẹ̀ tó ń ta ni nímú náà sì ń jó o lára. Kí ó wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó mú un lò. Ẹ má kún ìkòkò dé ẹnu, ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ da ewé bo orí

Àyè ìka mẹ́rin yẹn ni ewé gbígbẹ máa wà. Ewé kòkó, ewé máńgòrò, háríhá àgbàdo, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbẹ, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára igi ata tàbí òdòdó kí ìdí rẹ̀ má baà rà. Ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ epo àti iyọ̀ ara rẹ̀ dànù. Ọ̀rá ni kí ẹ má fi bò ó. Ó máa ń ká ooru mọ́bẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé odi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í sẹ́ni tó ń bèèrè ìtì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ là á sí méjì, ẹ gé e níwọ̀n tí yóò wọ ẹnu ìkòkò, kí ẹ dojú inú rẹ̀ délẹ̀. Omi inú ìtì náà máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á tutù, bó bá sì ṣe ń jẹrà ni yóò máa di oúnjẹ. Bí ẹ bá ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, abẹ́ ibẹ̀ lẹ máa bá ekòló. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe, nítorí omi púpọ̀ náà ń pa ekòló bíi gbígbẹ. Bí omi bá gba gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, tí ooru sì tún wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á tán. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ sára tó omi tútù.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ pé omi tó: ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, kí ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fún un. Bó bá ro ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó tó. Bó bá ń ṣàn gba àárín ìka yín, ó ti pọ̀jù. Bó bá fọ́ yángá, ẹ yára.

Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Bó bá jẹ́ tánkì dúdú tó wà lókè tàbí rọ́bà gígùn tó sùn sójú oòrùn ni omi ti ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan án wò. Omi tó ti gbóná nínú rọ́bà láti aago méjì lè pa ohun tí ẹ fẹ́ gbà là. Ẹ da ti àkọ́kọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tutù. Omi kànga dára. Omi ẹ̀rọ tó bá ń rùn bí òògùn, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú báfù tí a ò dé kí ẹ tó lò ó.

Ohun kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Bí erùpẹ̀ bá ti gbẹ jù, á sún kúrò lára ìkòkò, àlàfo tóóró á sì wà yíká. Ẹ da omi sí i, omi gba àlàfo yẹn lọ, ó jáde nísàlẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ rò pé ó ti yó, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ ò rí ẹ̀kán kan. Ẹ fi ìka ti erùpẹ̀ padà láti dí àlàfo náà, kí ẹ wá máa da omi díẹ̀díẹ̀: ẹ da ife kan, ẹ dúró kó mu ún, kí ẹ tó da òmíràn.

Bí ẹ bá máa ń rìnrìn àjò, ẹ ra orù amọ̀ kékeré, ẹ bu omi sí i kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí ara rẹ̀ bá làágùn níta, ó ṣeé lò. Ẹ rì í mọ́ àárín erùpẹ̀ dé ọrùn, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi nǹkan dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Erùpẹ̀ á máa fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orù yẹn ni ekòló á sì fi ṣe ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oúnjẹ, ní ìwọ̀nba

Lásìkò ooru, oúnjẹ díẹ̀ ló yẹ. Oúnjẹ tó bá pọ̀ jù á jẹrà, ìjẹrà á mú ooru wá. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu tútù, ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ àti ewé tíì tí a ti rẹ̀ dára, èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná náà dára. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kan sábẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ má sì fi òmíràn sí i bí ti tẹ́lẹ̀ ò bá tíì tán.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀: iyọ̀ àti ọbẹ̀, omi ọṣẹ, omídùn ògì, èèpo ọsàn, ata, àlùbọ́sà, èèpo gbágùúdá tútù, eérú. Àwọn kan gbà pé eérú ló ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Nínú oko, bóyá. Nínú ìkòkò, ẹ̀kúnwọ́ kan lè jó awọ ekòló. Ajílẹ̀ oníhóró inú àpò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá gbẹ. Òògùn apakòkòrò, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́.

Èwo nínú ekòló, mélòó ni?

Kì í ṣe gbogbo ekòló ló lè gbé inú ìkòkò. Èyí tó ń gbẹ́ ihò jíjìn létí odò kò ní fara dà á. Èyí tó ń gbé òkè ilẹ̀ lẹ fẹ́: ẹ wá a lábẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn, lábẹ́ òkìtì ewé kòkó. Ẹ kó erùpẹ̀ ibi tí ẹ ti bá a mọ́ ọn. Márùn-ún sí mẹ́wàá tó fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á bí sí i bí ibẹ̀ bá tù wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kó wọn sí i. Bí ẹ kò bá tíì ní ekòló nínú ìkòkò kí oṣù kejìlá tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de òjò.

Adìyẹ àti alángbá á wá wò ó, ẹ fi àwọ̀n wáyà bo ẹnu ìkòkò. Bí èèrà bá kọ́lé sínú rẹ̀, ohun tó ń sọ fún yín ni pé erùpẹ̀ ti gbẹ, nítorí èèrà kì í fẹ́ ibi tó tutù. Ẹ rin ín dáadáa, wọ́n á kó jáde fúnra wọn.

Ọjọ́ tí ooru bá kọjá sísọ

Tẹ̀mómítà tí a fi ń wo ibà ọmọ lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kí ẹ ra ti ekòló lọ́tọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbátìrì kì í ka ooru tó bá kéré sí 32°C, "Lo" ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ tì í bọ àárín erùpẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bó bá kọ "Lo", ẹ lọ sinmi. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà, ẹ gbé ìkòkò kúrò níbẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ gbé píọ̀ wọ́tà dídì kan sórí ewé láìtú u, kí ẹ fi ewé míì bò ó. Bí kò bá sí iná, àpò kòkó tútù yíká ìkòkò á ṣiṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá jí tí ẹ rí ekòló létí ìkòkò tàbí lórí kankéré, ó ń sá fún nǹkan. Ẹ fún erùpẹ̀ wò, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ fi sí i kẹ́yìn. Bó bá ń rùn, omi tàbí oúnjẹ ti pọ̀ jù: ẹ yọ oúnjẹ náà, ẹ tú òkè erùpẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dá omi dúró fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá rùn, tí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sì gbóná títí di alẹ́, ooru ni.

Bí àwọn ekòló náà bá ti ń rọ jọwọrọ, ẹ tẹ́ àpò tó tutù sí òjìji, ẹ rọra da ìkòkò náà sórí rẹ̀. Ẹ má da omi yìnyín lé wọn lórí. Ẹ ṣa àwọn tó ṣì ń mira sínú abọ́ ilẹ̀dú tútù, ẹ fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ẹ kó òkú kúrò nítorí òórùn wọn. Erùpẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹyin ekòló lè wà nínú rẹ̀, hóró kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò tóbi. Bí ẹ bá jẹ́ kí erùpẹ̀ náà tutù ní òjìji, wọ́n lè pa ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, ẹ yọ gbogbo àwo tó wà nídìí ìkòkò, kí ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí gbòǹgbò ti lè dí i láàárín oṣù mẹ́rin tí ẹ̀ẹ̀rùn fi wà. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Àárín òjò kan sí èkejì ṣì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, oòrùn ìgbà yẹn ò sì kéré.